Bí Ẹ Ṣe Lè Yẹ Awọ Ara, Irun àti Èékánná Yín Wò Fúnra Yín

Ilẹ̀kùn pa mí lọ́wọ́ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, abẹ́ èékánná náà ti dúdú bíi kóró iṣin. Mo rò pé bó ṣe máa wà títí nìyẹn. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo rí i pé èékánná tó mọ́ ti ń yọ láti ìdí, ó ń ti dúdú náà síwájú díẹ̀díẹ̀. Mo wá ń wò ó lójoojúmọ́ bí ẹni ń wo aago. Oṣù kárùn-ún ni mo gé èyí tó kù nínú rẹ̀ dànù.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń yẹ ara mi wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí, pẹ̀lú àlàyé ohun tó wà lábẹ́ ohun tí ojú ń rí. Ẹni tí kò mọ bí awọ ara ṣe ń ṣiṣẹ́, gbogbo nǹkan ni yóò máa dẹ́rù bà á, tàbí kí ohunkóhun má tilẹ̀ bà á lẹ́rù rárá. Èyí kò rọ́pò dókítà o. Ohun tó wà fún ni pé kí ẹ mọ ara yín débi tí nǹkan tuntun kò fi ní yọ síbẹ̀ kí ẹ má mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ múra sílẹ̀

Ẹ wá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò ní kanlẹ̀kùn. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ lẹ́bàá fèrèsé ló dára jù, torí gílóòbù tí iná rẹ̀ pọ́n máa ń tan ojú jẹ tó bá kan ọ̀rọ̀ pupa àti ìyeyè lára. Jígí ńlá kan, kékeré kan tó ṣeé gbé lọ́wọ́, ìyarun, rúlà, tọ́ọ̀ṣì, àti ìwé tí ẹ óò máa kọ nǹkan sí. Fóònù tó ń ya fọ́tò wúlò pẹ̀lú. Ẹ wẹ̀, ẹ nu ara gbẹ, ẹ má tíì fi ìpara kankan para. Ẹ nu àtíkè ojú kúrò, kí ẹ sì pa ọ̀dà èékánná rẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo ti ọ̀dà yìí, bẹ́ẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ohun tó yẹ ká rí máa ń sá pamọ́ sí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọwọ́

Ẹ fi ìka méjì mú awọ ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kí ẹ fà á sókè díẹ̀, kí ẹ sì dì í mú bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ka ìyókù.

Ìpele mẹ́ta ni awọ ara ní. Ti òkè pátápátá tín-ín-rín gan-an: lórí ìpéǹpéjú, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.05 lọ, ní àtẹ́lẹsẹ̀ ó lè tó mìlímítà 1.5. Kò sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi lè ha wá lára, tí awọ á bó, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì ní yọ. Tí ẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ náà ti wọ ìpele kejì nìyẹn.

Ní ìsàlẹ̀ ìpele òkè yìí ni wọ́n ti ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun lójoojúmọ́. Bí wọ́n ṣe ń gòkè bọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n ń kún fún kẹ́rátìn, èròjà líle tí irun àti èékánná náà fi ṣe ara, títí wọ́n á fi kú. Èyí tí ojú ń rí tí ọwọ́ sì ń kàn lára èèyàn, òkú sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo rẹ̀. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí sẹ́ẹ̀lì kan tó gòkè dé, kó tó ṣí bọ́ bí ìpẹ́. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ń ta ìpara tó ní yóò fún yín ní awọ tuntun ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ti mọ èsì tí ẹ máa fún un.

Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kan náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe aró wà, aró tí wọ́n ń pè ní melanin. Ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin àti ẹni tó funfun báláú, iye sẹ́ẹ̀lì aláró tó wà lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Iye aró tí wọ́n ń pèsè, bí ìdì aró kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó àti bó ṣe tàn ká ló yàtọ̀. Aró yìí máa ń bo orí kókó inú sẹ́ẹ̀lì bí agbòjò, kí ìtànṣán oòrùn má bà á jẹ́. Awọ dúdú ní ààbò ju ti funfun lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò náà níwọ̀n, oòrùn lè ba òun náà jẹ́. Oòrùn yìí kan náà ni awọ fi ń ṣe fítámì D tí egungun nílò, nítorí náà kì í ṣe ọ̀tá wa pátápátá.

Ìpele kejì ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Okùn kọ́lájìn tó ń fún awọ lágbára wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni okùn mìíràn tó ń jẹ́ kó lè nà kó sì padà, iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, ìdí irun, orísun òróró àti orísun òógùn. Ti òógùn nìkan tó mílíọ̀nù 2 sí 4 lára ẹnì kan. Bí òógùn ṣe ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Èyí tó bá kán tótó sílẹ̀ kí ó tó gbẹ, kò tu ara kankan.

Ìpele kẹta jẹ́ ọ̀rá. Ó dà bíi tìmùtìmù fún egungun, ó sì ń di ooru mọ́ra nígbà òtútù.

Ó yá, ẹ ju awọ ẹ̀yìn ọwọ́ tí ẹ dì mú náà sílẹ̀. Ṣé ó padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Lára ọ̀dọ́ tí omi ara rẹ̀ pé, kó tó ṣẹ́jú ló ti padà. Tó bá dúró bí àgọ́ kó tó rọra wálẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ kò mu omi tó. Àmọ́ lára àgbàlagbà, okùn tó ń fà á padà ti dẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí nìkan sáré gbé bàbá tàbí ìyá lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Orí àti irun

Ẹ fi ìyarun la ọ̀nà sórí, láti iwájú dé ìpàkọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ la òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ẹ ó fi kárí. Awọ orí ni ẹ̀ ń wò. Ṣé ìpẹ́ wà? Ṣé egbò wà? Ṣé ojú kan wà tí irun ti ṣí?

Irun tó wà lórí èèyàn tó nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000. Apá tó yọ síta ti kú, òun ló jẹ́ kí a lè gé e láìjẹ̀rora. Ìdí rẹ̀ tó wà nínú awọ ló wà láàyè. Irun kọ̀ọ̀kan máa ń hù fún ọdún 2 sí 6, ní ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, yóò wá sinmi fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, yóò sì bọ́. Nítorí pé àsìkò wọn kò papọ̀, irun 50 sí 100 lè bọ́ lóòjọ́ kí ó má sì sí nǹkan kan tó ṣe yín.

Ẹ mú ọ̀kan nínú èyí tó wà lẹ́nu ìyarun, kí ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo orí rẹ̀ méjèèjì. Tí ẹ bá rí kókó funfun kékeré kan, tó rí bí ẹyin iná, irun tó parí ìsinmi rẹ̀ tó sì bọ́ láti ìdí ni. Tí kò bá sí kókó lórí èyíkéyìí, ó kán ni. Ìtọ́jú méjèèjì kò dọ́gba rárá. Èyí tó ń kán, bí a ṣe ń yà á, bí a ṣe ń yan án lóoru àti èròjà tí a fi ń nà án ni ká wò. Èyí tó ń bọ́ láti ìdí ní àbọ́jù, inú ara ni ká ti wádìí.

Ẹ tún fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú irun bí àádọ́ta pọ̀, kí ẹ rọra fà á láti ìdí lọ sí orí. Ẹyọ kan tàbí méjì kò burú. Tó bá ju mẹ́fà lọ ní ojú mélòó kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ronú padà sí oṣù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Àìsàn líle, ìbímọ, iṣẹ́ abẹ, ìbànújẹ́ tó wọni lára, wọ́n máa ń ti irun púpọ̀ wọ ìsinmi lẹ́ẹ̀kan náà, èso rẹ̀ kò sì ní hàn àfi lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta. Ẹni tí ibà gbé dè ní oṣù kìíní lè máa ṣa irun lórí ìrọ̀rí ní oṣù kẹrin, kó wá máa dá ọṣẹ tuntun lẹ́bi. Irú irun bẹ́ẹ̀ máa ń hù padà.

Irun tó ká kókó, inú ihò tó tẹ̀ ló ti ń jáde wá, òróró tí awọ orí ń pèsè kì í sì í tètè rìn dé orí rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi máa ń gbẹ ju irun tó nà lọ, tó sì ń fẹ́ ìpara.

Ẹ wá wo ẹ̀bá orí dáadáa, pàápàá ẹ̀gbẹ́ ojú àti òkè etí. Tí irun dídì bá fún débi pé a kò lè sùn lé e, tí kókó wẹ́wẹ́ sì ń yọ nídìí rẹ̀, ẹ tú u lálẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò gbà pé ẹwà kankan wà nínú orí tó ń ro èèyàn. Níbi tó ti ń pá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí ẹ bá ṣì rí ihò kéékèèké tí irun ti ń hù, ìrètí wà tí ẹ bá dẹwọ́. Tó bá ti ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ láìsí ihò, àpá ti ń dípò irun níbẹ̀, ẹ tètè rí dókítà awọ ara kó má baà ràn sí i.

Tó bá jẹ́ ojú kan róbótó ló ṣí, tó ní ìpẹ́, tí irun ibẹ̀ kán sókí, lápálápá orí ni ká kọ́kọ́ fura sí, àgàgà lórí ọmọdé. Ìpara nìkan kò lè wo èyí, nítorí àrùn náà ti wọ ìdí irun. Oògùn gbígbé mì ni dókítà yóò kọ.

Kí n má gbàgbé: fífá irun kì í mú kó nípọn. Orí rẹ̀ tí abẹ gé gẹ́rẹ́ ló ń jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́ ọ bí ohun líle. Ewú ní tirẹ̀ ń wá nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì aláró tó wà nídìí irun bá ti tán. Fífà á tu kò bí méje dípò ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò tún ìdí rẹ̀ ṣe náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ojú àti ọrùn

Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Inú rẹ̀ yẹ kó pọ́n díẹ̀. Tó bá ṣì, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ pẹ̀lú. Tí àwọn méjèèjì bá ṣì, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá ó tó. Ẹyinjú tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ló ń pariwo.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa aláwọ̀ dúdú níbí. Inú ìwé, wọ́n á ní awọ tó ń wú máa ń pọ́n. Lára tiwa, pupa náà lè má hàn. Ó lè rí bí àwọ̀ àlùkò, tàbí kó kàn ṣókùnkùn ju àyíká rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ? Ṣé ó le? Ìka máa ń mọ ohun tí ojú kò rí.

Orísun òróró pọ̀ lójú ju ibi púpọ̀ lára lọ. Nígbà tí òróró àti òkú sẹ́ẹ̀lì bá dí ihò, irorẹ́ dé. Ẹ má fún un o. Fífún máa ń ti ohun tó wà nínú rẹ̀ wọnú lọ, àpá dúdú tó bá fi sílẹ̀ lè pẹ́ ju irorẹ́ náà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ọrùn ńkọ́? Mo mọ ẹnì kan tó fi kànìnkànìn họ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ títí tó fi bó, ó rò pé ìdọ̀tí ni. Ó dúdú, ó nípọn, ó múlọ́ bí àrán. Irú awọ bẹ́ẹ̀, ní ọrùn tàbí abíyá, sábà máa ń sọ pé ara kò dáhùn bó ṣe yẹ sí insulin, èròjà tí ara fi ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ lọ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ọṣẹ kò lè fọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Àyà, abíyá, ẹ̀yìn

Ẹ gbé apá sókè, ẹ wo abíyá, ẹ fọwọ́ wá kókó ibẹ̀. Irú orísun òógùn kejì wà níbí àti ní ojú ara, èyí tí kì í jí àfi tí èèyàn bá bàlágà. Òógùn náà kì í rùn nígbà tó bá ń jáde. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé lórí awọ ló ń jẹ ẹ́, òun ló sì ń mú òórùn wá.

Ẹ̀yìn ló máa ń sú mi jù, ọwọ́ kì í dé e. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí jígí ńlá, kí ẹ gbé kékeré síwájú. Ó rọrùn jù kí ẹ bẹ ẹni tó sún mọ́ yín kó ya fọ́tò rẹ̀.

Tí ẹ bá rí ojú kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣì, ẹ mú òwú, ẹ fà á ní tínńrín, ẹ dijú, kí ẹnì kan fi kan ibẹ̀ àti ibòmíràn ní ségesège. Tí ẹ kò bá gbọ́ ọ nígbà tó kan ojú tó ṣì náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láti yẹ ẹ̀tẹ̀ wò. Kí orúkọ yẹn má ba yín lẹ́rù. Láti ọdún 1873 tí Hansen, dókítà ọmọ ilẹ̀ Norway, ti rí kòkòrò tó ń fà á, ayé ti yí padà: oògùn rẹ̀ wà, ó ń wo ó sàn, àjọ ìlera àgbáyé sì ti ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1995. Pípẹ́ kí a tó lọ ló ń sọni di aláàbọ̀ ara.

Tó bá jẹ́ pé àmì wẹ́wẹ́ ló sú síta, ẹ gbé ife tó mọ́ gaara tẹ̀ ẹ́. Èyí tó pọ̀ jù yóò pòórá lábẹ́ ife. Èyí tí kò bá pòórá, tí ara sì ń gbóná, ẹ gbéra nísinsìnyí lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má tíì parí àyẹ̀wò. Lára ẹni dúdú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti inú ìpéǹpéjú ló ti máa ń hàn jù.

Ẹni tó bá ń bóra, ibí ni yóò ti rí èrè rẹ̀: ìlà tó fà bí ìgbà tí awọ ya, itan àti abíyá ló sì ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìpara ìbóra ní èròjà steroid tó ń jẹ okùn ìpele kejì run, débi pé ọgbẹ́ kì í tètè jiná. Òmíràn ní mákúrì, tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ̀ ní 2013 ti sọ irú ìpara bẹ́ẹ̀ di èèwọ̀. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́, kó má dá a dúró lójijì láìbá dókítà sọ̀rọ̀, torí ara lè gbaná.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀

Irun kì í hù níbí, orísun òróró kò sí níbí, ṣùgbọ́n òógùn pọ̀ níbẹ̀ ju gbogbo ibi lọ. Ìlà ìka tí ẹ̀ ń wò yẹn ti wà kí wọ́n tó bí yín, kódà ti àwọn ìbejì tó jọra bí ìmumu kì í dọ́gba. Bí ìka ṣe ń hunjọ nínú omi, kì í ṣe pé omi wọ inú rẹ̀ lásán. Iṣan ara ló ń pàṣẹ rẹ̀. Ìka tí iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ bá ti gé kì í hunjọ.

Ẹ ya ìka kúrò lára ara wọn, ẹ wo àárín wọn. Ní ọwọ́, ìlà wẹ́wẹ́ àti kókó tó ń yún lóru, tó sì tún ń yún ẹlòmíràn nínú ilé, ìfọ́n ni. Gbogbo ilé ló máa tọ́jú ara pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa yí po láàárín yín ni. Ní ẹsẹ̀, awọ funfun tó rọ̀ láàárín ìka máa ń fẹ́ kí a máa nu ibẹ̀ gbẹ. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ojoojúmọ́ ni kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀, kó gbé jígí kékeré sílẹ̀ tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀. Ìṣó lè gún ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n.

Ìgbésẹ̀ keje: Èékánná

Ẹ jókòó fún èyí. Ìdí èékánná, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wà lábẹ́ awọ, ẹ kò lè rí i tán. Òṣùpá funfun kékeré tó yọ lórí àtàǹpàkò ni etí rẹ̀ tó hàn. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ èékánná níbẹ̀ ni ìdènà tí kì í jẹ́ kí omi àti kòkòrò wọlé. Ẹ má gé e, ẹ má tì í, bó ti wù kí ẹni tó ń kun ọ̀dà fẹ́ kó rí. Púpọ̀ nínú ìka tó ń wú tó ń mú ọyún, ibẹ̀ ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí.

Èékánná ọwọ́ ń hù ní nǹkan bíi mìlímítà 3 lóṣù, ti ẹsẹ̀ kò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ti ọwọ́ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe tán ní bí oṣù mẹ́fà, ti ẹsẹ̀ lè gba ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀. Nítorí náà, ẹ lè fi rúlà ka ìtàn. Tí ẹ bá rí kòtò tó dábùú èékánná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí ìdí. Mìlímítà 6? Oṣù méjì sẹ́yìn ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó mú kí ara dá iṣẹ́ èékánná dúró: ibà tó le, iṣẹ́ abẹ, àìjẹun. Joseph Beau, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ nípa ìlà yìí láti ọdún 1846.

Àwọn nǹkan tí ẹ óò ṣe nìyí:

Ẹ tẹ èékánná títí yóò fi funfun, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Kó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, pupa rẹ̀ yẹ kó ti padà. Tó bá pẹ́ (tí ọwọ́ kò sì tutù), ẹ̀jẹ̀ kò rìn dáadáa dé ibẹ̀.

Ẹ da ìka kan náà ti ọwọ́ méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn, kí èékánná fẹnu kan èékánná. Àlàfo kékeré kan, tó rí bíi dáyámọ́ǹdì, yẹ kó hàn nídìí wọn. Tí àlàfo náà bá ti dí, tí orí ìka sì wú bí orí ìlù kékeré, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn ni dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Leo Schamroth, onímọ̀ nípa ọkàn ní Gúúsù Áfíríkà, ló ṣàlàyé àyẹ̀wò yìí ní 1976. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti rí i nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ẹ kán omi ẹ̀kán kan sórí èékánná. Tí èékánná bá tẹ̀ wọnú bí ṣíbí débi tí omi fi dúró níbẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé irin inú ara kò tó.

Àmì funfun wẹ́wẹ́? Ẹ má wulẹ̀ ra oògùn kálísíọ̀mù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ibi tí nǹkan ti gbá a láìmọ̀, yóò sì bá èékánná hù jáde. Ihò wẹ́wẹ́ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ fi han dókítà awọ ara.

Ó ku ìlà dúdú. Lára ẹni dúdú, ìlà aró tó nà gbọọrọ láti ìdí dé orí wọ́pọ̀, ó sì lè wà lórí ìka púpọ̀ láìní ewu. Èyí tó yẹ kó gbé yín dìde ni ẹyọ kan tó yọ lórí ìka kan ṣoṣo, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tí aró rẹ̀ ti ṣàn wọ awọ ìdí èékánná. Dúdú ìfarapa, bíi tèmi lọ́jọ́sí, máa ń rìn: ẹ fi ìgékánná ha ìlà tín-ín-rín sórí ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ dé, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Èékánná tó mọ́ yẹ kó ti yọ lẹ́yìn ìlà náà. Tí kò bá rìn, tí ìdí rẹ̀ ṣì dúdú, ó lè má jẹ́ ìfarapa. Ó lè jẹ́ melanoma, jẹjẹrẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì aláró. Ọdún 1977 ni wọ́n rí irú jẹjẹrẹ yìí lábẹ́ èékánná ìka ẹsẹ̀ ńlá Bob Marley, olórin reggae, wọ́n sì ti kọ́kọ́ rò pé bọ́ọ̀lù ló ṣe é léṣe. Ó kú ní 1981, ọmọ ọdún 36. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni jẹjẹrẹ yìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí aró kò pọ̀ sí, tí ojú kì í sì í dé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Àmì dúdú tàbí kókó kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ déètì. Ohun tí ẹ óò máa wò ni bóyá ìdajì rẹ̀ kan kò jọ ìkejì, bóyá etí rẹ̀ rí jágajàga, bóyá àwọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, bóyá ó ti fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, àti bóyá ó yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá. Tó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn nìkan lẹ rí, ó tó láti lọ. Bákan náà ni egbò tí kò jiná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ẹ wá para báyìí, nígbà tí ọ̀rinrin ìwẹ̀ kò tíì tán lára. Ìpara kì í fún awọ ní omi, ó kàn ń dí ọ̀nà kí èyí tó wà níbẹ̀ má sá lọ ni. Omi gbígbóná jù àti ọṣẹ líle máa ń fọ òróró àdánidá ara dànù, awọ á wá máa yún láìsí àrùn kankan.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má fi àlàyé gígùn bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí fóònù, ẹ fi fọ́tò ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ti oṣù tó kọjá àti ti àná hàn án ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé, kí ẹ sì sọ èyí tó yún, èyí tó ṣẹ̀jẹ̀, àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.